Ẹ Má Ṣe Dá Wàrà Lẹ́bi Òkúta Inú Kíndìnrín

Ọ̀rọ̀ ìlera fún kíkà sí etígbọ̀ọ́ àwọn tí ń péjọ ní ilé ìkàwé



Díẹ̀ ni ìrora tí ó le tó ti òkúta inú kíndìnrín. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lójijì ní ẹ̀gbẹ́ kan, lábẹ́ ìhà, a sì máa ta lọ sí abẹ́ ikùn àti itan. Ẹni tí ó bá mú kò lè jókòó, kò lè dùbúlẹ̀, kò sì lè dúró. Yóò máa yí gbirigbiri lórí ẹní, òógùn yóò máa bò ó, èébì lè máa gbé e, ìtọ̀ rẹ̀ sì lè pọ́n bí omi osùn. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó ti bímọ rí, tí àrùn náà sì mú, ni ó fi ìrora rẹ̀ wé ti ìrọbí.

Nígbà tí ìrora bá rọlẹ̀, ohun tí aláìsàn àti àwọn ará ilé rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé: kí ni ó yẹ kí ó máa jẹ, kí sì ni ó di èèwọ̀ fún un? Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti máa ń wọlé. Ẹnìkan yóò ti gbọ́ pé èròjà tí a ń pè ní kálísíọ́mù ni ó wà nínú òkúta náà. Ẹlòmíràn yóò ti mọ̀ pé kálísíọ́mù pọ̀ nínú wàrà àti nínú ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ pẹ̀lú egungun rẹ̀. Kíá, wọn yóò ti fi òfin dè é: kò gbọdọ̀ mu wàrà mọ́, kò gbọdọ̀ jẹ wàràkàṣì, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹja wẹ́wẹ́.

Ìmọ̀ràn náà dùn létí, ó sì jọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tẹ̀lé e lè sọ òkúta kan di méjì, kí ó sì tún sọ egungun ara rẹ̀ di aláìlágbára. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí gbogbo ilé mọ bí ọ̀rọ̀ kálísíọ́mù àti òkúta ti rí gan-an.

BÍ ÒKÚTA ṢE Ń DÌ NÍNÚ ARA

Kíndìnrín méjì ni ó wà lára ènìyàn, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, èkejì ní apá òsì, lẹ́yìn ikùn, lábẹ́ egungun ìhà. Iṣẹ́ wọn ni láti máa sẹ́ ẹ̀jẹ̀, gẹ́gẹ́ bí obìnrin ti ń fi asẹ́ sẹ́ ògì. Ohun tí ó wúlò fún ara ni wọ́n ń dá padà sínú ẹ̀jẹ̀. Èérí àti omi tí ó ṣẹ́kù ni wọ́n ń tì jáde gẹ́gẹ́ bí ìtọ̀. Nínú ìtọ̀ yìí ni oríṣiríṣi èròjà wà tí ó ti yọ́ sínú omi, tí ojú kò lè rí.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti po iyọ̀ mọ́ omi rí yóò mọ bí òkúta ṣe ń dì. Bí a bá bu ṣíbí iyọ̀ kan sínú ife tí omi kún, yóò yọ́ tán. Bí a bá ń bu iyọ̀ sí i, tí omi kò sì pọ̀ sí i, ìgbà kan ń bọ̀ tí iyọ̀ kò ní yọ́ mọ́. Yóò rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ife. Bí a bá sì gbé ife náà sí oòrùn títí omi rẹ̀ fi fà, ohun tí ó kù yóò dì ní hóró hóró. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú kíndìnrín. Nígbà tí èròjà bá pọ̀ jù, tí omi sì kéré jù, wọn a máa dì bí eérú, lẹ́yìn náà bí yanrìn, títí wọn yóò fi di òkúta. Bí òkúta náà bá wà ní ojú kan, ó lè má dun ènìyàn. Ìgbà tí ó bá kó sí ọ̀nà tóóró tí ìtọ̀ ń gbà lọ sí àpò ìtọ̀, tí ó sì dí i, ni ìrora ń dé.

Òkúta kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Àwọn kan wà tí ó ń ti inú àrùn ìtọ̀ wá, àwọn kan sì wà tí ẹran àjẹjù ń dá kún. Ṣùgbọ́n nínú òkúta 10, bí 8 ni ó ní kálísíọ́mù nínú, àwọn tí ó sì pọ̀ jù nínú wọn ni èyí tí kálísíọ́mù so pọ̀ mọ́ èròjà mìíràn tí a ń pè ní ọ́kísálétì. Orí oríṣi òkúta yìí ni ọ̀rọ̀ òní dá lé.

ẸJỌ́ TÍ A DÁ FÚN WÀRÀ

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í ṣe àwọn ará ilé nìkan ni ó ń sọ pé kí aláìsàn jáwọ́ nínú wàrà. Àwọn dókítà náà sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wo òkúta, wọ́n bá kálísíọ́mù nínú rẹ̀. Wọ́n wo ìtọ̀ àwọn aláìsàn, wọ́n rí i pé kálísíọ́mù pọ̀ nínú ti ọ̀pọ̀ wọn. Wọ́n sì dá ẹjọ́ náà síbẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kálísíọ́mù ní alábàáṣe nínú ọ̀ràn yìí, ẹnikẹ́ni kò sì pe alábàáṣe náà wá síwájú adájọ́.

Alábàáṣe náà ni ọ́kísálétì. Inú ewébẹ̀ àti àwọn ohun ọ̀gbìn mìíràn ni ó ti ń wá, ẹ̀dọ̀ ènìyàn pàápàá sì ń ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀. Ara kò ní ohun kankan tí ó ń fi í ṣe. Ńṣe ni ó gbọ́dọ̀ tì í jáde. Ọ̀nà méjì sì ni ó lè gbà jáde: ọ̀nà ìgbẹ́ tàbí ọ̀nà ìtọ̀.

Bí ènìyàn bá jẹ oúnjẹ tí kálísíọ́mù àti ọ́kísálétì jọ wà nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì yóò pàdé nínú ìfun, wọn yóò sì so mọ́ ara wọn bí ẹni tí a fi okùn dì. Bí wọ́n bá ti so pọ̀ báyìí, wọn kò lè gba ara ìfun wọ inú ẹ̀jẹ̀ mọ́. Wọn yóò bá ìgbẹ́ jáde, ọ̀ràn sì parí. Ṣùgbọ́n bí kálísíọ́mù kò bá sí nínú oúnjẹ náà, ọ́kísálétì kò ní rí ẹni dá a dúró. Yóò gba ìfun wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò gbé e dé kíndìnrín, kíndìnrín yóò sì tì í sínú ìtọ̀. Ibẹ̀ ni yóò ti wá pàdé kálísíọ́mù tí ara fúnra rẹ̀ ń tì jáde. Ìpàdé tí kì bá ti ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi nínú ìfun wá di òkúta nínú kíndìnrín.

Ẹlòmíràn lè bèèrè pé, níbo ni kálísíọ́mù inú ìtọ̀ ti wá, nígbà tí ènìyàn kò jẹ ẹ́? Inú egungun ni. Nínú gbogbo kálísíọ́mù tí ó wà nínú ara, ìdá 99 nínú 100 ni ó wà nínú egungun àti eyín. Ìyókù tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó ń jẹ́ kí ọkàn lù dáadáa, kí iṣan sì ṣiṣẹ́. Nítorí náà ara kì í gbà kí ó dín. Bí oúnjẹ kò bá mú un wá, ara yóò lọ gbé e láti inú egungun, bí ẹni tí ebi ń pa tí ó ń jẹ àgbàdo tí ó yẹ kí ó fi ṣe irúgbìn. Ẹni tí ó bá sá fún wàrà nítorí òkúta, tí ó sì ń bá a bẹ́ẹ̀ lọ ní ọdún dé ọdún, lè rí i ní ọjọ́ ogbó pé egungun òun ń ṣẹ́ nítorí ìṣubú kékeré.

OHUN TÍ ÌWÁDÌÍ FI HÀN

Ní 1993, Gary Curhan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé èsì ìwádìí kan jáde. Wọ́n ti ṣọ́ ọkùnrin 45,619 fún ọdún 4, àwọn tí òkúta kò mú rí, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 40 ọdún àti 75. Wọ́n bèèrè ohun tí olúkúlùkù ń jẹ, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́rin náà, òkúta mú 505 nínú wọn. Ohun tí wọ́n rí ya ọ̀pọ̀ dókítà lẹ́nu: àwọn tí kálísíọ́mù pọ̀ jù nínú oúnjẹ wọn ni òkúta kò mú tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti gba àwọn ìyàtọ̀ mìíràn rò, ewu tiwọn fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta kéré sí ti àwọn tí kálísíọ́mù oúnjẹ wọn kéré jù.

Ní 1997, Curhan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì mìíràn jáde nípa obìnrin 91,731 tí wọ́n ṣọ́ fún ọdún 12. Èsì kan náà ni wọ́n rí nípa oúnjẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí ohun kan tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn: àwọn tí ó ń lo kálísíọ́mù oníhóró, òkúta mú wọn ju àwọn tí kò lò ó lọ, bí ìdá 20 nínú 100. Kálísíọ́mù inú oúnjẹ ń dáàbò bo ènìyàn; ti inú ìgò oògùn kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan ṣì ń ṣiyèméjì. Wọ́n ní ó lè jẹ́ pé àwọn tí ń mu wàrà ń ṣe ìtọ́jú ara wọn ju àwọn yòókù lọ ni. Nítorí náà, ní ìlú Parma ní ilẹ̀ Ítálì, dókítà Loris Borghi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ọkùnrin 120 tí òkúta kálísíọ́mù ti ń mú léraléra, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà méjì. Wọ́n ní kí 60 dín kálísíọ́mù kù sí bí 400 mílígíráàmù lóòjọ́. Wọ́n ní kí 60 yòókù máa jẹ bí 1,200 mílígíráàmù, ṣùgbọ́n kí wọ́n dín iyọ̀ àti ẹran kù. Ọdún 5 ni wọ́n fi tẹ̀lé wọn, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2002. Nínú àwọn 60 tí ó sá fún kálísíọ́mù, òkúta padà mú 23. Nínú àwọn 60 tí ó ń jẹ ẹ́, tí wọ́n sì dín iyọ̀ àti ẹran kù, 12 péré ni ó padà mú. Láti ìgbà náà ni ìmọ̀ràn àtijọ́ ti wó lulẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń rìn láti ẹnu dé ẹnu.

OÚNJẸ WA ŃKỌ́?

Kí a tó máa bẹ̀rù pé kálísíọ́mù pọ̀ jù nínú oúnjẹ wa, ó yẹ kí a mọ̀ pé àìtó rẹ̀ ni ó ti ń pa àwọn ọmọ wa lára. Ní 1999, Tom Thacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí jáde nípa ọmọ Nàìjíríà 123, tí wọ́n tọ́jú ní Jọs, tí egungun wọn rọ̀ tí ẹsẹ̀ wọn sì tẹ̀. Kálísíọ́mù tí ó wà nínú oúnjẹ àwọn ọmọ náà kò ju bí 200 mílígíráàmù lọ lóòjọ́. Nígbà tí a fún wọn ní kálísíọ́mù, egungun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sàn. Ohun tí àgbàlagbà nílò lóòjọ́ sì tó 1,000 mílígíráàmù; ti obìnrin tí ó ti lé ní 50 ọdún tó 1,200. Ife wàrà olómi kan ní bí 300 nínú. A rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò tí ì dé ibi tí ó yẹ kí a dé, ká má tilẹ̀ sọ pé a kọjá ibẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ìyá wa ti ń se ọbẹ̀ kan tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu láìmọ̀. Ní Ọ̀yọ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìlọrin àti káàkiri, wọn a máa ra wàràkàṣì lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní, wọn a sì máa fi í sínú ẹ̀fọ́ rírò. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti gbúre wà lára àwọn ewébẹ̀ tí ọ́kísálétì pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí wàràkàṣì bá wà nínú ọbẹ̀ náà, kálísíọ́mù rẹ̀ yóò di ọ́kísálétì ẹ̀fọ́ mú nínú ìfun, wọn yóò sì jọ jáde. Ẹni tí a bá sọ fún pé kí ó yọ wàrà kúrò, kí ó sì máa jẹ ẹ̀fọ́ náà lọ, ńṣe ni a yọ ẹ̀ṣọ́ kúrò lẹ́nu ibodè, tí a sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè.

Èyí kò sọ pé ẹ̀fọ́ di èèwọ̀. Ẹ̀fọ́ dára fún ara. Ẹni tí òkúta ti mú rí ni kí ó mọ ìwọ̀n rẹ̀, kí ó má sì jẹ́ kí tẹ̀tẹ̀ tàbí gbúre jẹ́ ọbẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Kí wọ́n bọ ẹ̀fọ́ náà nínú omi gbígbóná, kí wọ́n sì da omi náà nù kí wọ́n tó rò ó, nítorí apá kan nínú ọ́kísálétì ń yọ́ sínú omi. Ọ́kísálétì wà nínú kókò àti ẹ̀pà pẹ̀lú. Ó sì wà nínú tíì àti nínú kòkó tí a ń pò mu. Ẹni tí ó bá fẹ́ mu wọ́n, kí ó fi wàrà sí i.

Àwọn kan wà tí wàrà olómi máa ń da inú wọn rú. Wàràkàṣì tàbí wàrà tí ó ti kan lè bá wọn lára mu jù. Ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ tí a ń jẹ pẹ̀lú egungun rẹ̀ náà ní kálísíọ́mù, bẹ́ẹ̀ ni yánmọtí àti ẹ̀wà sóyà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ́kísálétì wà nínú yánmọtí àti sóyà pẹ̀lú. Ohun pàtàkì ni pé kí a pín kálísíọ́mù yìí sí àsìkò oúnjẹ. Wàrà díẹ̀ nínú ògì ní òwúrọ̀, ẹja wẹ́wẹ́ nínú ọbẹ̀ ọ̀sán, wàràkàṣì nínú ẹ̀fọ́ alẹ́: èyí dára ju kí a mu wàrà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí inú ṣófo. Àárín oúnjẹ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà.

IYỌ̀, KÁNÚN ÀTI ẸRAN

Bí a bá ń wá ẹlẹ́bi, ọ̀dọ̀ iyọ̀ ni ó yẹ kí a lọ. Bí iyọ̀ bá ti pọ̀ nínú ara, kíndìnrín a máa tì í jáde, bí ó bá sì ti ń tì í jáde ni kálísíọ́mù ń tẹ̀lé e lọ sínú ìtọ̀. Nítorí náà ẹni tí ó jáwọ́ nínú wàrà ṣùgbọ́n tí ó ń jẹ iyọ̀ púpọ̀ kò tí ì ṣe nǹkan kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má pé gíráàmù 5, èyí tí kò ju ṣíbí ìmutíì kan lọ, kí a sì ka gbogbo èyí tí ó wà nínú ọbẹ̀, nínú búrẹ́dì àti nínú àwọn oúnjẹ inú agolo mọ́ ọn.

Àwọn ohun mìíràn wà tí a kì í kà sí iyọ̀. Kánún tí a ń fi sínú ewédú àti àpọ́n kí ó lè yọ̀ dáadáa, sódíọ̀mù, èròjà kan náà tí ó wà nínú iyọ̀, pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn kúbù tí a ń rún sínú ọbẹ̀ kí ó lè dùn náà kún fún iyọ̀. Obìnrin tí ó bá rún kúbù mẹ́ta sínú ìkòkò, tí ó tún bu iyọ̀ sí i, tí ó tún fi kánún sí i, ti sọ iyọ̀ sínú ọbẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Irú, ata àti àlùbọ́sà lè mú ọbẹ̀ dùn láìjẹ́ pé a gbẹ́kẹ̀ lé iyọ̀ nìkan.

Ẹran náà ní ìwọ̀n. Ẹran, adìẹ àti ẹja àjẹjù a máa mú kí kálísíọ́mù inú ìtọ̀ pọ̀ sí i, a sì máa dín èròjà tí ń jẹ́ sítíréètì kù, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti má jẹ́ kí òkúta dì. Ìwọ̀nba ẹja wẹ́wẹ́ inú ọbẹ̀ kò lè ṣe èyí. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni kò ní láti bẹ̀rù ọ̀rọ̀ ẹran, nítorí ẹran inú ọbẹ̀ wọn kò pọ̀. Ẹni tí ó ń jẹ ẹran ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

OMI NI OLÓRÍ OÒGÙN

Bí a bá ti ṣe gbogbo èyí tí a kò sì mu omi tó, iṣẹ́ ọwọ́ kan ni a ṣe. Ìlú gbígbóná ni a ń gbé. Àgbẹ̀ tí ó wà lóko láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, bíríkìlà tí ó wà lórí òrùlé, awakọ̀ tí kò fẹ́ dúró lọ́nà láti tọ̀, gbogbo wọn ni òógùn ń fa omi ara wọn gbẹ. Ìtọ̀ wọn a kéré, a pọ́n, a sì ki. Inú irú ìtọ̀ bẹ́ẹ̀ ni òkúta fẹ́ràn láti dì.

Ní 1996, Borghi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí jáde nípa ènìyàn 199 tí òkúta mú fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n ní kí 99 nínú wọn máa mu omi tí yóò mú kí ìtọ̀ wọn tó lítà 2 lóòjọ́. Wọn kò yí ìṣe àwọn 100 yòókù padà. Lẹ́yìn ọdún 5, òkúta padà mú 12 nínú àwọn tí ń mu omi púpọ̀. Ó padà mú 27 nínú àwọn yòókù. Omi lásán ni ó ṣe èyí, kì í ṣe oògùn olówó iyebíye.

Lónìí, ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ nípa àrùn ìtọ̀ fún ẹni tí òkúta ti mú rí ni pé kí ìtọ̀ rẹ̀ tó lítà 2 àbọ̀ lóòjọ́. Kò sí ẹni tí yóò máa wọn ìtọ̀ lóko. Àmì rẹ̀ ni àwọ̀: bí ìtọ̀ bá mọ́ tàbí tí ó pọ́n díẹ̀ bí omi koríko, ó dára, bí ó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, omi kò tó. Kí àgbẹ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì omi mímọ́ lọ sóko bí ó ti ń gbé àdá lọ. Kí ó mu ún kí òǹgbẹ tó gbẹ ẹ́, kí ó sì mu díẹ̀ kí ó tó sùn. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí a fún sínú omi dára, nítorí sítíréètì wà nínú rẹ̀. Ohun mímu aládùn inú ìgò kò lè rọ́pò omi.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ tàbí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, tí dókítà sì ti díwọ̀n omi fún, kí ó tẹ̀lé ìwọ̀n ti dókítà rẹ̀.

NÍPA OÒGÙN ONÍHÓRÓ ÀTI ÀGBO

Ní 2006, ìwádìí kan tí a ṣe lórí obìnrin 36,282 ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn tí a fún ní kálísíọ́mù oníhóró pẹ̀lú fítámì D, òkúta mú wọn ju àwọn tí a kò fún lọ, bí ìdá 17 nínú 100. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra kálísíọ́mù oníhóró lò fúnra rẹ̀ nítorí pé ó gbọ́ pé kálísíọ́mù dára. Bí dókítà bá fún un, kí ó bèèrè bóyá kí ó máa lò ó pẹ̀lú oúnjẹ. Fítámì C oníhóró tí ó lágbára púpọ̀ náà kò yẹ ní lílo ní ìlòkulò, nítorí apá kan nínú rẹ̀ ń di ọ́kísálétì nínú ara.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò kan aláboyún tí a fún ní kálísíọ́mù ní ilé ìwòsàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí i pé kí a fún àwọn aláboyún ní kálísíọ́mù níbi tí oúnjẹ kò ti ní tó, nítorí ó ń dín ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó lè pa ìyá àti ọmọ kù. Kí aláboyún kankan má ṣe ti ibí yìí lọ da oògùn rẹ̀ nù.

Ní ti àwọn tí ń kiri oògùn tí wọ́n ní ó ń yọ́ òkúta, kí a ṣọ́ra. Kò sí oògùn tí a mọ̀ tí ó lè yọ́ òkúta kálísíọ́mù tí ó ti dì. Èyí tí ó bá kéré a máa bá ìtọ̀ jáde fúnra rẹ̀, àgbo tí ènìyàn ń mu nígbà náà ni yóò sì gba ọpẹ́. Èyí tí ó bá tóbi, ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń fọ́ ọ tàbí tí wọ́n ti ń yọ ọ́. Bí òkúta bá bọ́ sílẹ̀ nígbà tí ènìyàn ń tọ̀, kí ó má ṣe sọ ọ́ nù. Kí ó gbé e lọ fún dókítà, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò mọ irú èyí tí ó jẹ́, nítorí ìmọ̀ràn oúnjẹ fún oríṣi kan lè yàtọ̀ sí ti òmíràn.

ÌGBÀ TÍ KÒ YẸ KÍ A DÚRÓ

Bí ìrora ẹ̀gbẹ́ bá dé pẹ̀lú ibà àti òtútù, bí aláìsàn kò bá rí ìtọ̀ tọ̀, bí èébì kò bá jẹ́ kí omi dúró nínú rẹ̀, bí ó bá jẹ́ aláboyún, tàbí bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó ní kíndìnrín kan ṣoṣo, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ìtọ̀ tí ó dí tí àrùn sì wọ̀ lè pa kíndìnrín, ó sì lè pa ènìyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Kí a sì rántí pé kì í ṣe gbogbo ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ni ó jẹ́ ti òkúta. Àtọ̀sí ajá, tí ọmọdé ń kó nínú odò tí ìgbín kékeré omi wà, a máa mú ẹ̀jẹ̀ wá nínú ìtọ̀ pẹ̀lú, oògùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Àyẹ̀wò nìkan ni ó lè sọ èyí tí ó jẹ́.

Ẹ̀yin ará, ọ̀nà tí a ó gbà dènà òkúta yìí kò jìnnà sí ìdáná àti ìkòkò omi. Kí olúkúlùkù mu omi títí ìtọ̀ rẹ̀ yóò fi mọ́. Kí ó dín iyọ̀, kúbù àti kánún kù. Kí ó jẹ ẹran ní ìwọ̀nba. Kí ó bọ tẹ̀tẹ̀, kí ó da omi rẹ̀ nù, kí ó sì fi wàràkàṣì sí i. Bí ẹnikẹ́ni ládùúgbò bá sì ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn, tí àwọn ará ilé rẹ̀ ti fẹ́ gbé wàrà kúrò níwájú rẹ̀, kí ẹni tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lónìí sọ fún wọn pé kí wọ́n dá a padà síbi tí ó wà, kí wọ́n sì gbé ìgò iyọ̀ kúrò dípò rẹ̀.